Yíyọ pọ́líìpù ilé-ọmọ: èwo nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń tà fún yín ló tó owó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lórí ìwé owó ilé ìwòsàn: yíyọ pọ́líìpù. Iṣẹ́ mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ló sì lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Dókítà kan lè fi ẹ̀mú yí i já lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò, kó parí kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Òmíràn lè kùn yín lóorun, kó ki irin bọ inú ilé-ọmọ, kó máa há a láìrí ohunkóhun. Òmíràn á ti kámẹ́rà wọlé, á fi àlùmọ́gàjí tín-ín-rín gé e nídìí. Ẹni kẹrin á lo ẹ̀rọ tó ń gé tó sì ń fà á mu lójú kan náà. Owó wọn yàtọ̀, ewu wọn yàtọ̀, èsì wọn kò sì bára mu. Gbogbo wọn la gbé yẹ̀ wò níbí, pẹ̀lú sìkáànù tó ń ṣáájú àti láàbù tó ń kẹ́yìn, torí bí ọ̀kan nínú méjì yẹn bá yẹ̀, owó tó kù ti wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tá a dúró sí tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ilé-ọmọ gan-an ni pọ́líìpù wà, iṣẹ́ tí dókítà ti ń fojú rí ohun tó ń gé ni kí ẹ sanwó fún. Fífọ ilé-ọmọ, tí gbogbo ayé ń pè ní D&C, kò rí ju máàkì 2 nínú 10 gbà lọ́wọ́ wa.

Pọ́líìpù jẹ́ ẹran rírọ̀ tó hù lára awọ inú ilé-ọmọ tàbí lára ọrùn rẹ̀. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ láàárín. Ó lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀, ó sì lè jókòó pẹ̀tẹ̀. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ fáíbírọ́ìdì: inú ẹran líle ilé-ọmọ ni fáíbírọ́ìdì ti ń wá, ó sì máa ń le, pọ́líìpù rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, nǹkan oṣù tó ń dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá ni àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ń gbé e kiri tí kò mọ̀ rárá.

Ti ọrùn ilé-ọmọ: iṣẹ́ kékeré, owó kékeré

Èyí tó yọ sí ẹnu ọrùn ilé-ọmọ ló rọrùn jù. Bí dókítà bá ti fi sípẹ́kúlọ́ọ̀mù ya ojú ara, yóò rí i bí ahọ́n pupa kékeré. Ẹ̀mú olórùka ni yóò fi dì í mú nídìí, yóò sì máa yí i sí apá kan ṣoṣo títí yóò fi já fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fà á. Bó bá fà á, ọ̀pá á já láàárín, ìdí á kù sẹ́yìn, á sì tún hù. Yíyí yẹn ló ń lọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í pọ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, igi silver nitrate tí wọ́n bá fi kàn án díẹ̀ máa ń dá a dúró. Kò gba àkùnloorun, kò gba wíwọ wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá sùn mọ́jú nítorí èyí tó kéré tí ọ̀pá rẹ̀ sì tín-ín-rín, ẹ bi í kí ló dé.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bà á jẹ́. Èkíní, nígbà míì kì í ṣe pọ́líìpù: fáíbírọ́ìdì ló ti inú ilé-ọmọ sọ̀ kalẹ̀ wá, ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ẹni tó bá sì yí i já lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò lè rí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní lè dá dúró. Dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tọ ọ̀pá náà lọ sókè. Bí kò bá rí ibi tó ti hù, á dáwọ́ dúró, á ní kí ẹ lọ ṣe sìkáànù. Èkejì, jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ lè gbé ìrísí pọ́líìpù wọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ láìpẹ́, ìyẹn pap smear tàbí HPV, kó ṣe é kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ ọ́ tán, wọ́n á sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. A máa padà sórí ìyẹn.

Aboyún tí pọ́líìpù rẹ̀ kò bá yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ títí á fi bímọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tí wọ́n sì rí ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, kó ní kí wọ́n wo inú ilé náà pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè wà lókè.

Sìkáànù: ọjọ́ tí ẹ bá lọ ṣe pàtàkì ju ilé tí ẹ bá lọ

Sìkáànù orí ikùn kò tó fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe ni kí ẹ béèrè, àpò ìtọ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi omi mímu dá yín lóró. Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, kó lọ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, kí ọjọ́ kẹwàá tó kọjá, tí a bá ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ kìíní. Lásìkò yẹn, awọ inú ilé-ọmọ ṣì fẹ́lẹ́, pọ́líìpù tó funfun á sì hàn gedegbe. Tó bá di ọjọ́ ogún, awọ náà ti nípọn, òun náà ti funfun. Pọ́líìpù gidi lè sọnù sínú rẹ̀, awọ tó sì ká lè mú kí wọ́n kọ pọ́líìpù tí kò sí. Ìwé sìkáànù ọjọ́ kejìlélógún tó sọ pé pọ́líìpù wà, ẹ tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀ kí ẹ tó san owó iṣẹ́ abẹ.

Ẹ ní kí wọ́n tan Doppler aláwọ̀, ìyẹn apá sìkáànù tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn. Pọ́líìpù sábà máa ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó gba ìdí rẹ̀ wọlé hàn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé, sìkáànù olómi iyọ̀ ló kàn: wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín gba ọrùn ilé-ọmọ kọjá, wọ́n á fa omi iyọ̀ bíi mílílítà 5 sí 20 sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògiri méjèèjì á là, pọ́líìpù á sì dúró gbagidi nínú omi. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí ìwé owó, èyí ló wúlò jù sí iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, máàkì 9. Ohun tó máa ń ṣì í lọ́nà: afẹ́fẹ́ tí wọn ò lé kúrò nínú rọ́bà kó tó wọlé, tó ń dán bíi pọ́líìpù; dídì ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà; àti bàlúù orí rọ́bà náà tí wọ́n fẹ́ sínú ilé-ọmọ, tó bo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó lóyún tàbí tí àrùn wà lójú ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe é.

Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tó wá ń rí ẹ̀jẹ̀, awọ tó bá ju mìlímítà 4 lọ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò síwájú. Ọjọ́ yòówù ni òun lè lọ.

HSG, ìyẹn àwòrán X-ray tí wọ́n ń fi oògùn sí nítorí ojú ọ̀nà ẹyin, lè fi ibi dúdú kan hàn nínú ilé-ọmọ. Kò lè sọ bóyá pọ́líìpù ni, bóyá fáíbírọ́ìdì, bóyá afẹ́fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í nìkan gé nǹkan kan. Bákan náà ni ìwé tó bá kàn kọ pé awọ inú ilé-ọmọ nípọn: kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwé tó dáa á kọ iye pọ́líìpù, bó ṣe tóbi sí ní mìlímítà, ibi tó ti hù, àti bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

D&C: ìdí tí a fi fún un ní 2

Irin tí wọ́n fi ń fọ ilé-ọmọ dà bíi ṣíbí olójú ihò, ọwọ́ rẹ̀ gùn. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò rí inú; ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi ń mọ ohun tó ń lọ. Pọ́líìpù sì rọ̀, orí ọ̀pá ló wà. Bí irin bá ti ń bọ̀, á yẹ̀ fún un bí ewéko inú odò ṣe ń yẹ̀ fún àjẹ̀. Bí irin bá kọjá tán, á padà sáyè rẹ̀. Èyí tó bá wà ní igun òkè, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ẹyin, irin kì í sábà débẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n há jáde á lọ sí láàbù, láàbù á ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì. Àwọn èèyàn á wá ní àìsàn náà ò gbóògùn, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Awọ tí kò ṣẹ̀ ni irin ń há. Bó bá há a dé ìpìlẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ léraléra, ojú ọgbẹ́ lè mú ògiri ilé-ọmọ lẹ̀ mọ́ra. Asherman ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó ń wá ọmọ, tó tìtorí pọ́líìpù kékeré gba èyí, ti fi ẹ̀fọ́rí pààrọ̀ ọgbẹ́. Ní ilé ìwòsàn tí kò ní kámẹ́rà, D&C ṣì ní àyè tirẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu. Kì í ṣe fún pọ́líìpù tí sìkáànù ti rí, tó sì lè dúró títí wọ́n á fi kọ ìwé sí ibi tó ní irinṣẹ́.

Kámẹ́rà, àti ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀

Hysteroscopy, ìyẹn fífi kámẹ́rà wo inú ilé-ọmọ, kì í ṣe ohun tuntun tí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni hùmọ̀ láti fi gbowó. Ní 1869, dókítà kan tó ń jẹ́ Pantaleoni fi ọ̀pá oníná wo inú ilé-ọmọ obìnrin ẹni 60 ọdún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Pọ́líìpù ló bá níbẹ̀, silver nitrate ló sì fi jó o. Pọ́líìpù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ mọ́ irinṣẹ́ yìí.

Lónìí, ọ̀pá kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ kò nípọn ju mìlímítà 4 sí 5 lọ. Ọwọ́ tó dáa kì í lo sípẹ́kúlọ́ọ̀mù, kì í fi ẹ̀mú gé ọrùn ilé-ọmọ jẹ: á jẹ́ kí omi iyọ̀ kún ojú ara, á máa tẹ̀lé ọ̀nà lójú tẹlifíṣọ̀n títí á fi wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà ti ṣe é pẹ́, ìbéèrè kan tó: "Ṣé ẹ máa ń lo sípẹ́kúlọ́ọ̀mù?" Ìdáhùn rẹ̀ á sọ púpọ̀ fún yín.

Àlùmọ́gàjí kékeré, tí kò nípọn tó mìlímítà 2, ló ń gba inú ọ̀pá náà kọjá. Máàkì 8. Kì í jó nǹkan kan, nítorí náà kì í pa awọ tó yí pọ́líìpù ká lára, wọ́n sì lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀, kí wọ́n tún un lò. Àléébù rẹ̀ ni pọ́líìpù ńlá. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò á gé ìdí rẹ̀ tán, á wá rí i pé ọrùn ilé-ọmọ kò gbà á jáde. Á máa sáré lé e kiri nínú omi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò á kọ́kọ́ là á sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí, á sì fi ìdí sílẹ̀ gbẹ̀yìn.

Resectoscope, tí wọ́n ń fi wáyà oníná gé, nípọn tó bíi mìlímítà 9. Ó gba kí wọ́n fẹ ọrùn ilé-ọmọ, ó sì sábà máa ń gba àkùnloorun. Ó dáa fún èyí tó jókòó pẹ̀tẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, àti fún èyí tí fáíbírọ́ìdì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún pọ́líìpù kan ṣoṣo, bíi kí èèyàn fi àáké gé àlùbọ́sà ni. Máàkì 6.

Ẹ̀rọ agé-fà, bíi MyoSure àti TruClear, ní abẹ nínú ọ̀pá tó ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí fèrèsé náà bá ti kan pọ́líìpù, á fà á wọlé, á gé e, á sì fa gígé náà lọ sínú àpò. Kì í lo iná. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 lórí àwọn obìnrin 121, tí wọ́n fi í wé irinṣẹ́ oníná láìkùn wọ́n lóorun, ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀ ló ń gbà, ti oníná ju mẹ́wàá lọ. Ó yọ pọ́líìpù tán pátápátá lára 98 nínú 100, oníná 83. Máàkì 9. Ohun tó mú un pàdánù máàkì kan ni pé abẹ rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbówó lórí. Ẹ ní kí wọ́n já ọ̀rá rẹ̀ lójú yín kí wọ́n tó kùn yín. Abẹ tí wọ́n ti lò rí kì í gé dáadáa mọ́, mímọ́ rẹ̀ kò sì dájú.

Omi tó wọlé àti omi tó jáde

Èyí ni ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Omi ni wọ́n fi ń la ilé-ọmọ, ìwọ̀n agbára tí wọ́n sì ń fẹ́ kò sábà ju 70 sí 100 mmHg lọ. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ apọnmi, bí wọ́n bá gbé àpò dírípù kọ́ sókè tó mítà kan ju ara aláìsàn lọ, ó ń fún wọn ní bíi 73. Wáhálà ibẹ̀ ni pé omi lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan ni láti máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde. Fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, bí omi iyọ̀ tí kò padà bá ti pé lítà 2.5, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Fún glycine, omi míì tí kò ní iyọ̀ nínú, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú iná olópò kan (monopolar), lítà 1 péré ni, nítorí ó lè mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí ọpọlọ á fi wú. Fún àgbàlagbà àti ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé, kò gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò bá lè sọ ẹni tó ń ka omi, ẹ gbé báàgì yín.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà kò kéré nílẹ̀ wa. Bí iná bá lọ, kámẹ́rà di òkú, irin sì wà nínú ilé-ọmọ. Jẹnẹrétọ̀ tó gba ìṣẹ́jú kan kó tó gbé e kò tó. Invẹ́tà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an.

Ìrora: ẹ má gba irọ́

Ní Bìrìtéènì, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, láìkùn yín lóorun ni NHS, ìyẹn iṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀, sábà máa ń ṣe é, tí ẹ ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìwé ìpè á sọ pé ẹ lè ní ìrora díẹ̀. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa ń fún ìrora náà ní 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 10. Ẹ lo paracetamol gíráàmù 1 tàbí ibuprofen 400 mg ní wákàtí kan ṣáájú, bí ara yín kò bá kọ̀ ọ́. Ẹ jẹun. Ẹ̀tọ́ yín ni láti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbàkigbà, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti yan àkùnloorun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bímọ láti ojú ara rí, ẹni tí nǹkan oṣù ń dùn gan-an, àti ẹni tí wọ́n ti yọ lẹ́nu níbi àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ, kó yáa sọ ọ́ fún wọn kó tó gun bẹ́ẹ̀dì.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí obìnrin 507, tó jáde ní 2015, fi ọ̀nà méjèèjì wéra. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ti gbọ́ràn lára 73 nínú 100 àwọn tí wọn ò kùn lóorun, àti 80 nínú àwọn tí wọ́n kùn. Yíyọ kò ṣeé ṣe tán fún 19 nínú 100 àwọn tí wọn ò kùn, fún 7 nínú àwọn tí wọ́n kùn. Ṣùgbọ́n ilé-ọmọ obìnrin mẹ́rin ló lu, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kùn lóorun ni gbogbo wọn sì wà. Ẹni tó bá ń ta ọ̀kan fún yín bíi pé òun nìkan ló dáa, ọjà ló ń tà.

Ẹni tó lè dúró, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dúró

Pọ́líìpù tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 1, lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù tí kò sì ní àmì kankan, kì í ṣe dandan kí wọ́n yọ ọ́. Ìwádìí kan rí i pé láàárín ọdún kan, 27 nínú 100 ló pòórá fúnra wọn, àwọn kéékèèké ló sì pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn àgbo tí wọ́n ní ó ń yọ́ pọ́líìpù ti ń rí ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́. Èyí tó burú jù ni àwọn ohun tí wọ́n ń tì sójú ara. Wọ́n lè jó awọ ibẹ̀ kí ọ̀nà sì dí.

Ẹni tó ń wá ọmọ kò yẹ kó dúró pẹ́. Ìwádìí kan ní Spéìnì, tó jáde ní 2005, mú obìnrin 215 tó ní pọ́líìpù tí wọ́n sì fẹ́ ti àtọ̀ sínú ilé-ọmọ wọn. Lára àwọn tí wọ́n yọ ti wọn, nǹkan bí 51 nínú 100 lóyún. Lára àwọn tí wọ́n kàn gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún láàbù, 25. Púpọ̀ nínú àwọn ti àkọ́kọ́ lóyún fúnra wọn, kí wọ́n tó débi títi àtọ̀.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, àti ẹni tó ń lo tamoxifen nítorí jẹjẹrẹ ọmú tó wá ń ṣẹ̀jẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró rárá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ́líìpù kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àárín àwọn wọ̀nyí ni díẹ̀ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń jáde.

Láàbù

Ojú kò lè dá jẹjẹrẹ mọ̀ dájú, kódà lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ẹran tí wọ́n bá yọ gbọ́dọ̀ wọ inú formalin 10%, tí oògùn náà á pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, kì í ṣe inú omi iyọ̀ tàbí sípíríìtì. Pọ́líìpù á ní ike tirẹ̀, awọ ilé-ọmọ tí wọ́n bá gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní tirẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ á sì wà lára ike, kì í ṣe lórí ìdérí, torí ìdérí máa ń ṣì gbé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kì í ka owó láàbù mọ́ owó iṣẹ́ tí wọ́n bá sọ fún yín. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè kán fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Páàdì ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ara, kí ìbálòpọ̀ sì dúró títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ibà, omi tó ń rùn, ikùn tó ń dùn sí i dípò kó máa lọ sílẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń mú páàdì rin ní wákàtí kan: ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó jáde, ẹ gba nǹkan mẹ́ta sọ́wọ́: àwòrán inú ilé-ọmọ kí wọ́n tó gé e àti lẹ́yìn tí wọ́n gé e, ìwé tó kọ iye omi tó wọlé àti èyí tó jáde, àti nọ́ńbà láàbù. Bí ẹ bá pe láàbù tí wọ́n ní nǹkan kan kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, ẹ padà sí ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ kan náà kí ẹ béèrè ibi tí ẹran náà wà.